Ẹlẹ́sẹ̀-Àga àti Abọ́ Tó Lọ́

Kò sí ìdí kan nínú ìlú wa tí kò tíì jókòó lé iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àga ilé ìwé, àga ilé ẹjọ́, àga tí dókítà ń jókòó lé kó tó sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bí ọmọ sí, tábìlì tí ọmọ náà dàgbà tó ń kọ̀wé lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ gbogbo wọn pátá, òun ló yí i. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù sínú èérún igi. Ẹlẹ́sẹ̀-Àga la ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Bí a bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ó ní, "Ẹlẹ́sẹ̀-Àga, ẹsẹ̀ mélòó lo ní?" Òun náà á ní, "Ẹ bi ìdí yín, òun ló mọ̀ ọ́n kà."

Èmi ni mo máa ń kun ohun tó bá yí; Fáníìṣì ni wọ́n ń pè mí. Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi ní fáníìṣì kíkùn, kò sí tíṣà tó kọ́ mi ní ìwé kíkọ; ojú ni mo fi jí méjèèjì kọ́. Mo kun tábìlì kan nígbà kan, ológbò fò lé e, ó rí ológbò mìíràn nísàlẹ̀ ara rẹ̀, ó bá a jà títí èékánná rẹ̀ fi tán, ló bá fi ìtìjú jáde nílé, wọn ò sì rí i mọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá ológbò náà lọ. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé ohun kan dára, ó dára. Bí mo bá sì sọ pé ohun kan bàjẹ́, ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó máa tún un ṣe. Ohun tó bàjẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ilé iṣẹ́ wa gùn tóóró bí ikùn ejò, yàrá mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn. Ti iwájú, tó kọjú sí títì, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń wọlé sí, àbúrò Ẹlẹ́sẹ̀-Àga ló sì ń jókòó síbẹ̀ láàárín àwọn àga tó ti parí. Ti àárín, maṣíìnì tó ń yí igi ló wà níbẹ̀, lábẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo tí lẹ́búlẹ́bú igi ti bo gíláàsì rẹ̀ débi pé ọ̀sán gangan dà bí ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀. Ti ẹ̀yìn ni tèmi. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀, torí eruku àti fáníìṣì, orogún ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà ti ya lápá kan, ohun tí mi ò bá fi ojú rí níbẹ̀, etí mi á gbọ́ ọ.

Fún ẹni tí kò rí iṣẹ́ yìí rí, báyìí ló ṣe rí: wọ́n á fi igi há àárín irin méjì, maṣíìnì á máa yí igi náà bíríbírí, oníṣẹ́ á wá rọra fi irin mímú kàn án. Bí irin bá ṣe ń rìn ni igi á máa ní ọrùn, á máa ní ikùn, á máa ní ọrùn ẹsẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn, èérún igi á máa ta bí iyanrìn. Ọwọ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Àga, ó máa ń jáde láìjá ni, á máa ká bí irun àgùntàn. Ojú mi ló ṣe, ọ̀kan gba ojú fèrèsé jáde lọ́jọ́ kan, ó na dé òdìkejì títì, obìnrin kan sì sá aṣọ lé e lórí.

Bàbá àwọn méjèèjì ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ikú dé ẹnu ọ̀nà, ó pè wọ́n, ó ní, "Ẹni tó mọ ọwọ́, kó máa ṣe é. Ẹni tó mọ ẹnu, kó máa tà á." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, àbí? Ẹ jẹ́ kó balẹ̀ ná. Ohun tó wá jẹ́ ni pé àbúrò di ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n di òṣìṣẹ́.

Àbúrò náà kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mi ò gbọ́ ọ rí kó gbé ohùn sókè sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" ló fi máa ń ṣí gbogbo ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbọ́ "ẹ má bínú" yẹn, kí ẹ yáa mọ̀ pé ohun tó fẹ́ ti di ṣíṣe. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ dà bí òróró tó dà sílẹ̀. Ó ń dán, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tí ẹ ó yọ̀ ṣubú.

Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ni àwọn pátákó ìwọ̀n tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ń kọ́. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n, bàbá náà ti gé etí wọn ní ìrísí ẹsẹ̀ àga lóríṣiríṣi. Bí ẹsẹ̀ kan bá ti yí tán, wọn á fi pátákó náà tì í lára, wọn á gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ tó tó ojú abẹ́rẹ́ bá gba àárín wọn kọjá, ẹsẹ̀ yẹn ti di igi ìdáná. Ọdún gorí ọdún ni Ẹlẹ́sẹ̀-Àga ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó yí nígbà tó ń ṣe ọ̀dọ́ àti èyí tó yí nígbà tí irun rẹ̀ funfun, ẹ gbé méjèèjì fún ìyá tó bí i, kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Bí àbúrò rẹ̀ bá ti lọ sílé nírọ̀lẹ́, maṣíìnì di ti ẹ̀gbọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Igi tó ní kókó, igi tó ti là, igi tí kò lè di ẹsẹ̀ àga, òun ló ni ín. Bí wọ́n ṣe jọ gbà á nìyẹn láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí ni wákàtí kan nínú ọjọ́. Ẹ bi ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fún kó wo ojú ọ̀run.

Abọ́ ló máa ń ṣe nígbà náà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Igi ẹsẹ̀ àga gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó dé orí maṣíìnì, kó má baà yẹsẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́sẹ̀-Àga, igi tútù ló ń wá. Bí wọ́n bá gé igi máńgòrò lójú títì, á bẹ̀ wọ́n, á gbé kùkùté rẹ̀ wálé. Bó bá ń yí i, omi igi á máa ta sí i lójú bí ẹni tí ọmọ ń tutọ́ sí lára. Á wá máa fá inú abọ́ náà, á máa fá a, á máa fá a, títí tí ara rẹ̀ á fi fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó rí òjìji ìka rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ yẹn, ẹ̀rù máa ń ba èmi tí mò ń wò. Bó bá fi ìwọ̀n irun kan kọjá ibẹ̀, abọ́ náà á fọ́ dànù, á sì gbá a lójú. Inú ẹ̀rù yẹn lòun máa ń dúró sí tí á máa kùn bí oyin.

Lẹ́yìn náà á gbé abọ́ tútù náà sí ojú fèrèsé, á kúrò nídìí rẹ̀. Bí igi náà bá ṣe ń gbẹ, á máa lọ́. Etí rẹ̀ kan á gbé sókè, èkejì á wálẹ̀, ikùn rẹ̀ á yọ síta. Kò sí méjì tó jọra. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló rí nínú ohun tó wọ́.

Ó ní, "Fáníìṣì, ẹsẹ̀ àga, mo ti mọ bó ṣe máa rí kí n tó gbé igi rẹ̀. Abọ́ yìí, èmi náà ń dúró dè é ni. Mo ṣe ìdajì tèmi, igi náà ń ṣe ìdajì tirẹ̀."

"Tó bá wá là ńkọ́?"

"Kó là. Ó kéré tán, ohun tó wù ú ló ṣe."

Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé wọn, ó sì to àwọn abọ́ náà sórí pákó lókè maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó ń kó bọ́tìnnì sínú wọn. Ẹnu obìnrin yẹn mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Bí mo bá yà síbẹ̀, á ní, "Bàbá Fáníìṣì, ẹ bá mi wo ọkọ mi. Gbogbo ìlú jókòó dáadáa sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Tèmi tí mo fẹ́ ẹ, abọ́ tí kò lè jókòó ló gbé wá fún mi. Ẹ wo èyí, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà." Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí á fi máa wúkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn abọ́ yẹn kí ẹ wo bí ojú obìnrin náà á ṣe yí padà. "Ẹ fi síbẹ̀ o. Mo ti mọ ibi tí bọ́tìnnì mi wà."

Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí kò gbé lọ sílé. Láti ibi tí igi kan ti ya ẹ̀ka méjì ló ti gbẹ́ ẹ. Kókó kan wà lára rẹ̀ tó ṣí bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Nígbà tó gbẹ, ó lọ́ débi pé apá kan rẹ̀ tẹ̀ síwájú, èkejì fà sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún rò ó wò. Èmi tí mo ti rí igi tó pọ̀ ju ewé lọ, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní kó jẹ́ kí n kùn ún, ó ní rárá. Ó gbé e sí ojú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, bó bá ti yí ẹsẹ̀ àga bíi mélòó kan, á gbójú sókè wò ó. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò wò mí lójú: "Fáníìṣì, èyí, èmi nìyẹn."

Obìnrin kan tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ilé nígboro ló wá yẹ àga wò ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ó gbọ́ ariwo maṣíìnì, ó yọjú sí yàrá àárín, ó rí abọ́ náà. Mo rí i láti ibi tí ilẹ̀kùn mi ti ya: ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tó wà níwájú ọmọ jòjòló.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni," ni Ẹlẹ́sẹ̀-Àga wí.

"Ẹ tà á fún mi, bàbá."

"Kì í ṣe títà, màmá."

Àbúrò rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màdáámù, a máa ń tà á."

"Tóò," ni obìnrin náà wí, "mo fẹ́ méjìlá. Kó rí bí èyí gẹ́lẹ́. Àwọn oníbàárà mi máa ń fẹ́ kí ohun tó wà lórí tábìlì wọn bára mu."

Ẹlẹ́sẹ̀-Àga rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ bímọ méjìlá tó jọra rí?"

"Bàbá, èmi ò ní maṣíìnì. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Obìnrin náà kò ní èròkerò kankan, mo jẹ́rìí rẹ̀. Ohun tó dára ló rí, ó sì fẹ́ kó pọ̀.

Nígbà tó lọ tán, Ẹlẹ́sẹ̀-Àga pa maṣíìnì. "Kí ló dé tó o gba iṣẹ́ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rí àga oníke tí wọ́n tò sí iwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù? Ta ló ń bi wá léèrè ẹsẹ̀ àga mọ́? Ẹ ti ń ṣe abọ́ láti ọjọ́ yìí, mi ò bi yín rí pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó mọyì rẹ̀ ti wá dé."

"Ọ̀kan ló mọyì. Ó fẹ́ kí n pa á kú lọ́nà méjìlá."

"Ẹ̀gbọ́n, abọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé abọ́ ni."

"Bí ilé iṣẹ́ yìí bá tì, maṣíìnì tí ẹ ń lò nírọ̀lẹ́ náà á lọ. Ẹ rò ó wò. Ẹ tún wo ìyàwó yín."

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè wo abọ́ tó wà lójú fèrèsé. Ó ní, "Mo gbọ́, Ọ̀gá."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó gbé pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí kò tíì ní eyín! Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ àbúrò náà lára. Ó padà sí yàrá iwájú.

Ẹlẹ́sẹ̀-Àga kọ́kọ́ ṣe é lọ́nà tó mọ̀. Ara igi kan náà ló ti gé gbogbo rẹ̀, ìwọ̀n kan náà ló lò, ó sì fá wọn fẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n wà ní tútù, wọ́n jọra bí ẹyin. Ó tò wọ́n sí ojú fèrèsé. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ bí ajá tó ti rẹ̀. Ọ̀kan na ọrùn. Ọ̀kan là gbàrà dé ìdí. Òmíràn ká etí méjèèjì mọ́ra bí ìyá tó gbé nǹkan pamọ́ fún ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún yín, bí ọba ilẹ̀ òkèèrè bá rí àwọn abọ́ yẹn, á fi adé rẹ̀ pààrọ̀ ọ̀kan. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù wá, ó fọwọ́ ra wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n dára o. Ṣùgbọ́n wọn ò bára mu, bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí bí ti ojú fèrèsé yẹn." Ó sọ pé òun á padà wá, ó sì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fara balẹ̀ síbí. Bàbá wọn ní ìlànà kan. Bí oníbàárà bá gbé àga àtijọ́ wá tó ní kí wọ́n ṣe irú ẹsẹ̀ rẹ̀, bàbá náà á fi ayùn rẹ́ ẹsẹ̀ kan sí méjì láti òkè dé ilẹ̀, á tẹ́ ìdajì lé pákó, á fi pẹ́ńsù yí etí rẹ̀ ká. Bí pátákó ìwọ̀n ṣe ń di pátákó ìwọ̀n nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó rẹ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ kò ní sọnù mọ́ láé. Àwọn ọmọ méjèèjì dàgbà lábẹ́ ìlànà yẹn bí ẹní dàgbà lábẹ́ àdúrà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan bẹ́líìtì maṣíìnì já, Ẹlẹ́sẹ̀-Àga jáde lọ ra òmíràn. Mo gbọ́ ìró ayùn nínú yàrá àárín. Pákó ni mo rò pé wọ́n ń rẹ́, mo ń bá fáníìṣì mi lọ. Ìgbà tí mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀-Àga wọlé tó sì dúró lójijì, tí kò tún rìn mọ́, ni mo ṣí ilẹ̀kùn.

Abọ́ náà wà lórí bẹ́ǹṣì ní ìdajì méjì. Àbúrò rẹ̀ dúró tì í, pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti yí etí ìdajì kan ká lórí pákó. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, bí bàbá wọn ṣe máa ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ó gbé bẹ́líìtì tuntun kọ́ ara ògiri. Ó mú ìdajì méjèèjì, ó pa wọ́n pọ̀. Wọn ò pàdé mọ́. Ẹnu ayùn ti jẹ díẹ̀ láàárín wọn, ó sì gba ojú kókó náà kọjá.

"Ibo lo gbà là á?"

"Láàárín, Ẹ̀gbọ́n. Bí Bàbá ṣe ń là á."

"Abọ́ yìí ò ní àárín."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Wò ó. Tó o bá gba ibí là á, báyìí ló máa rí." Ó fi ìka fa ìlà lójú afẹ́fẹ́. "Tó o bá gba ibí, báyìí. Tó o bá gba ọ̀hún, ó tún di nǹkan mìíràn. Èwo lo mú níbẹ̀?"

Àbúrò náà wo pákó tó wà níwájú rẹ̀. Ìlà kékeré kan ni, tó tẹ̀ wálẹ̀ tó tún tẹ̀ sókè, abọ́ èyíkéyìí lè ní irú rẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀. Mo rò pé ó máa ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ má bínú." Lẹ́ẹ̀kan yìí, ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ gan-an ló ń sọ.

Mo ní kí n bá wọn lẹ̀ ẹ́. Mo ní àtè kan nígbà yẹn, èmi fúnra mi ni mo pò ó, ó lè lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu agbẹjọ́rò. Ẹlẹ́sẹ̀-Àga mi orí. Ó kó ìdajì méjèèjì sínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó so bẹ́líìtì mọ́ maṣíìnì, ó sì yí ẹsẹ̀ àga títí iṣẹ́ fi parí. Mi ò rí ìdajì wọ̀nyẹn mọ́.

Ẹ ó ní ó yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kò gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ ìyá rẹ̀ ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wo ló fẹ́ lọ ṣe? Pátákó ìwọ̀n kúkú ti wà. Àbúrò rẹ̀ gé e, ó gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá wọn. Wọ́n jọ rí ọgbọ́n dá sí i: igi gbígbẹ ni kí wọ́n lò, èyí tí kò ní lọ́ mọ́. Kí ara abọ́ nípọn. Bó bá ti kúrò lórí maṣíìnì, kí wọ́n wá fi irin eléyín kéékèèké ha apá kan rẹ̀ wálẹ̀, kí wọ́n ha ìkejì sẹ́yìn, títí á fi dà bí ohun tó lọ́ fúnra rẹ̀.

Mo kun méjìlá àkọ́kọ́. Wọ́n jọra o! Ẹ gbé pátákó sí wọn lára, ìmọ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́, ó ní kí wọ́n ṣe sí i. Wọ́n ṣe sí i. Àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn gbọ́. Ọ̀sán ò tó mọ́, wọ́n fi wákàtí ìrọ̀lẹ́ kún un. Bí mo bá ń ti ilẹ̀kùn mi, mo máa ń gbọ́ irin tó ń ha igi, kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀, bí eku tó ń jẹ pósí. Ẹlẹ́sẹ̀-Àga kò kùn bí oyin mọ́. Ó gbé ọ̀kan lọ sílé, mo bá a lọ. Ìyàwó rẹ̀ yí i wò, ó gbé e lé orí tábìlì ìgéṣọ, kò mì.

"Èyí jókòó dáadáa," ni obìnrin náà wí.

Mo dúró kí n gbọ́ àwàdà tó máa tẹ̀lé e. Kò sí. Ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ọkọ rẹ̀ sì bọ́ sí ìyẹ̀wù.

Kò sí ohun tí kì í sú ọmọ aráyé. Ìgbà tó yá, àwọn oníbàárà ní abọ́ gíláàsì làwọn fẹ́ báyìí. Àbúrò náà já pátákó abọ́ kúrò lára ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, kùkùté igi máńgòrò tútù lórí rẹ̀, omi igi ń kán sí ẹ̀wù funfun tó fi ń dá oníbàárà lóhùn. Ó sọ ọ́ sílẹ̀ gbì.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni kó wà. Ìrọ̀lẹ́ ti di tiyín padà. Ẹnikẹ́ni ò ní wo ojú fèrèsé yín mọ́, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"O ṣeun, Àbúrò," ni Ẹlẹ́sẹ̀-Àga wí.

Inú mi dùn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì mi sílẹ̀, mo wá dúró tì í. Ó gbé igi sórí maṣíìnì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí i lójú. Ìta abọ́ náà yọ, ó dára. Ó wá wọ inú rẹ̀, ó ń fá a, ó ń fá a, ó sì gbé irin kúrò.

"Ó ṣì nípọn," ni mo wí.

"Mo mọ̀."

"Lọ sí i."

Ó gbé irin padà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibi kan tó dúró, bí ẹṣin tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀gá rẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Ibì kan náà ni. Mo lọ mú pátákó abọ́ tí wọ́n jù sí igun yàrá, mo fi tì í lára, mo gbé iná sí i. Ìmọ́lẹ̀ kankan kò kọjá.

"Lọ sí i, Ẹlẹ́sẹ̀-Àga! Ìwọ tó ń fá a tí mo fi ń rí òjìji ìka rẹ!"

"Fáníìṣì, wò ó. Èmi kọ́. Ọwọ́ mi ni kò fẹ́."

Ó gbé abọ́ náà sí ojú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Igi tútù tó bá fẹ́lẹ́ máa ń rí àyè lọ́. Èyí tó bá nípọn, ńṣe ló máa ń là. Ó là láti etí dé ìdí. Ó ṣe òmíràn, òun náà là níbi kan náà. Ó ṣe ẹ̀kẹta, ó dijú, ó ní bóyá ojú ló ń da ọwọ́ láàmú. Mo tẹjú mọ́ irin yẹn. Ó rìn, ó rìn, ó sì dúró sí ibi tó mọ̀.

Ó pa maṣíìnì. Ó gbá èérún igi jọ, ó nu irin rẹ̀, ó to wọ́n sí ipò wọn láti kékeré dé ńlá. Mo padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì mi.

Ẹsẹ̀ àga ló ṣì ń yí, fún ìwọ̀nba èèyàn tó ṣì ń béèrè. Lójoojúmọ́, kí àbúrò rẹ̀ tó lọ sílé, á fi kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un lórí maṣíìnì. Ẹ̀gbọ́n náà á parí ẹsẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á mú kọ́kọ́rọ́, á ti ilẹ̀kùn. Bó bá fi máa dé ilé rẹ̀, oòrùn á ṣì wà lójú títì.